Ṣé O Mọ̀? Ohun Àrà Tó Wà Nídìí Ìmọ́lẹ̀ Ojú Fóònù Rẹ

O bọ́ sínú oòrùn, ojú fóònù rẹ tàn sí i. O wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ó rọlẹ̀, o ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ta ló sọ fún un? Jókòó, ọ̀rẹ́ mi. Àpò mi kún fún ìyanu lónìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni n ó sì máa yọ wọ́n.

Ojú tó wà lára fóònù

Ṣé o mọ̀ pé fóònù rẹ ní ojú kan tí kì í ya fọ́tò? Sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó máa wọn bí ibi tí o wà ṣe mọ́lẹ̀ tó.

O fẹ́ mọ ibi tó wà? Dúró síbi tó mọ́lẹ̀ dáadáa, fi àtàǹpàkò bo etí òkè fóònù, kí o sì ka ení, èjì, títí kọjá ẹẹ́wàá: bí ojú fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ọwọ́ rẹ ti bà á.

Lórí ọ̀pọ̀ fóònù tuntun, o lè wá ojú yìí títí kí o má rí i, torí abẹ́ gíláàsì tí àwòrán ti ń tàn gan-an ló sá pamọ́ sí! Ibẹ̀ ló ti ń wo ìta, ó sì gbọ́dọ̀ yọ ìmọ́lẹ̀ fóònù fúnra rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò kí ó tó lè mọ bí òde ṣe rí.

Ó tún ń rí ohun tí ìwọ kò lè rí: ìtànṣán infrared, tó pọ̀ nínú oòrùn àti nínú gílóòbù àtijọ́ oníwáyà. Kí èyí má baà ṣì í lọ́nà, ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ní ojú méjì, ọ̀kan ń wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, èkejì ń wo infrared nìkan. Wọn á wá yọ ti èkejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́.

Mélòó ni o rò pé oòrùn ọ̀sán gangan fi ju òṣùpá àrànmọ́jú lọ? Lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí nǹkan: ti òṣùpá jẹ́ nǹkan bí ìdámẹ́rin lux kan, ti oòrùn lè dé 100,000 lux. Ìlọ́po 400,000 nìyẹn, o sì fẹ́ ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lábẹ́ méjèèjì!

Gbọ́ èyí ná: iná fúlórẹ́sẹ́ǹtì gbọọrọ ti àtijọ́ kì í tàn lọ geere, ìgbà 100 ló ń pajú ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí iná Nàìjíríà, ìgbà 120 lórí ti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń fi ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá wo ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ iye rẹ̀, torí ìpajú 10 gééré ni yóò bọ́ sáàárín rẹ̀ ní Ìbàdàn, 12 gééré ní Chicago, iná méjèèjì kò sì ní rí i tàn jẹ.

Ẹnì kan kọjá, òjìji rẹ̀ bo fóònù rẹ, síbẹ̀ ojú fóònù kò mì. Kí ló fà á? Nínú ètò ìpìlẹ̀ Android, fóònù ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 4 kí ó tó gbà pé ibẹ̀ ti mọ́lẹ̀ sí i, ó sì ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 8 kí ó tó gbà pé ilẹ̀ ti ṣú: òkùnkùn ni kì í tètè gbà gbọ́!

Ta ni yóò rò pé abẹ́ ihò spíkà ni wọ́n máa fi ojú pamọ́ sí? Ibẹ̀ ni Apple fi í sí lára PowerBook G4 oníínṣì 17 ní 2003, ojú kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí kọ̀ǹpútà náà lè mọ ìgbà tó yẹ kó tan iná sábẹ́ lẹ́tà kíbọ́ọ̀dù.

Nígbà tí Steve Jobs fi iPhone àkọ́kọ́ han aráyé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta péré ló fi yangàn. Ọ̀kan mọ ìgbà tí o bá dá fóònù dùbúlẹ̀, ọ̀kan mọ ìgbà tí o bá gbé e sétí, ẹ̀kẹta sì ni ojú tí a ń sọ yìí.

Ojú tó wà lórí ìwọ gan-an

Ológbò fi ọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá! Ọmọlójú èèyàn lè fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 15, ti ológbò ń fẹ̀ ní ìlọ́po 135, ti àwọn ọmọńlé kan sì dé ìlọ́po 300.

Dúró ná, ìlọ́po 15 péré, nígbà tí oòrùn fi ìlọ́po 400,000 ju òṣùpá lọ? Ẹ̀yìn ẹyinjú ni ìyókù iṣẹ́ wà, lọ́wọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀, wọn kì í sì í kánjú: ó lè gbà tó ìdajì wákàtí kí òkùnkùn tó mọ́ wọn lára.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ ìkàwé kan ti kọ́ sùúrù yẹn lára ojú èèyàn? Kindle Voyage, tí Amazon gbé jáde ní 2014, lè máa dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn bí ojú rẹ ṣe ń mọ́ òkùnkùn náà lára.

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú ojú rẹ lè mọ̀ bí fótọ́ọ̀nù kan bá bà á, bẹ́ẹ̀ fótọ́ọ̀nù ni ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí kò ṣeé gé sí méjì. Ní 1942, Hecht, Shlaer àti Pirenne fi hàn pé bí fótọ́ọ̀nù 5 sí 14 péré bá dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, èèyàn ti lè sọ pé òun rí iná.

Ọkùnrin tó kọ́ wa bí ojú ṣe ń ka ìmọ́lẹ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ jìyà fún un! Gustav Fechner, ará Jámánì, wo oòrùn títí nítorí ìwádìí, ojú rẹ̀ bà jẹ́ débi pé kò lè fara da ìmọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Lórí ibùsùn, láàárọ̀ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1850, èrò ńlá rẹ̀ wá sọ sí i lọ́kàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ní 1860.

Kí ni èrò náà? Gbé àtùpà kan wọ yàrá tó ṣókùnkùn, gbogbo ojú á yí síbẹ̀. Gbé àtùpà kan náà sínú oòrùn ọ̀sán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé o gbé nǹkan kan dé. Kì í ṣe iye tí a fi kún un ni ojú ń kà, iye tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n.

Wo ìlà tí o máa ń fà láti fi yí ìmọ́lẹ̀ fóònù padà: ṣé o rò pé ìṣísẹ̀ ibẹ̀ dọ́gba? Kò dọ́gba rárá! Láti Android 9 ni wọ́n ti na ìhà tó rẹlẹ̀ sí i, kí ọwọ́ rẹ lè ní àyè láti ṣe àtúnṣe kékeré nínú òkùnkùn, níbi tí ojú ti ń mọ ìyàtọ̀ jù.

Òdòdó pupa tó dán jù lójú ọ̀sán lè di dúdú jù ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí ewé tó yí i ká ṣì mọ́lẹ̀! Jan Purkyně, ará Bohemia, ló ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1825. Ohun tó fà á ni pé, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, sẹ́ẹ̀lì mìíràn ló ń gba iṣẹ́ nínú ojú, wọn kì í sì í rí pupa dáadáa.

Èyí yóò yà ọ́ lẹ́nu: àwọn afọ́jú kan wà tí ara wọn ṣì mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 fi hàn pé bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí wọn lójú lóru, omi ara tó ń pe oorun á wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò rí nǹkan kan.

Ta ló wà nídìí ìyẹn? Sẹ́ẹ̀lì kan tí wọn ò mọ̀ títí di 2002, ìmọ́lẹ̀ búlúù sì ni ó ń tètè dá lóhùn jù. Àtijọ́ ni a ti ń fi ojú yìí wòran, àná ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé aago wà nínú rẹ̀!

Má bínú sí màmá àgbà tó ń fẹ́ kí fóònù òun tàn yòò. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ẹyinjú ẹni ọgọ́ta ọdún jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta èyí tó ń dé ti ọmọ ogún ọdún, nítorí náà ohun tó tó ọ kò lè tó wọn.

Fóònù tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ

Ilé-iṣẹ́ tó kọ́ kọ̀ǹpútà tó na Lee Sedol, ọ̀gá nínú ayò Go, ní 4 sí 1 ní 2016, òun kan náà ló tún jókòó ti ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù! DeepMind ti ìlú London ni. Òun àti Google ló jọ ṣe Adaptive Brightness, ètò ìmọ́lẹ̀ aládàáṣe tó bá Android 9 jáde ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2018.

Ṣé o rò pé Google ló kọ́kọ́ lo orúkọ yẹn? Microsoft ti fi Adaptive Brightness sínú Windows 7 láti 2009, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ṣáájú. Ṣùgbọ́n fóònù 2018 mọ ohun kan tí kọ̀ǹpútà 2009 kò mọ̀: ó mọ ohun tí ìwọ fẹ́.

Kí ìyẹn tó dé, àṣẹ kan náà ni wọ́n máa ń kọ sínú gbogbo fóònù tó bá jẹ́ irú kan náà: bí ìta bá mọ́lẹ̀ tó báyìí, kí ojú fóònù tàn tó báyìí. Ọmọdé, àgbà, ẹni tó wọ awò, ìwọ̀n kan ni wọ́n wọ̀n fún gbogbo wọn.

Àbí o mọ olùkọ́ tó wá yí i padà? Àtàǹpàkò rẹ ni! Gbogbo ìgbà tí o bá fa ìlà ìmọ́lẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹ̀kọ́ lo ń kọ́ fóònù náà: "Níbi tó mọ́lẹ̀ tó báyìí, báyìí ni mo ṣe ń fẹ́ ẹ."

Fóònù Android ní ìwé kékeré kan tó ń kọ àwọn ẹ̀kọ́ yìí sí, ìwé náà kì í sì í ju àkọsílẹ̀ 100 lọ. Èyí tó bá ti ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, á pa á rẹ́. Ìfẹ́ rẹ ti oṣù tó kọjá kọ́ ni yóò máa fi dá ọ lẹ́jọ́.

Kí ló ń kọ síbẹ̀? Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ nìkan! Ó ń kọ áàpù tí o ń lò, bí bátìrì ṣe kù sí, àti bí ìta ṣe mọ́lẹ̀ sí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 kí ọwọ́ rẹ tó kan ìlà náà.

Bí o bá yí ìmọ́lẹ̀ padà, tí o sì pa ojú fóònù, fóònù kì í gbàgbé ọ lójú ẹsẹ̀. Ètò ìpìlẹ̀ Android ń di ìyípadà náà mú fún ìṣẹ́jú 5. Bí o bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìmọ́lẹ̀ ibi tí o wà sì ti yàtọ̀, á gbà pé o ti kúrò níbi tí o wà tẹ́lẹ̀.

Ṣé ẹ̀kọ́ náà ń wọlé? Nígbà tí Google dán an wò láàárín àwọn èèyàn tirẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ọwọ́ wọn dín lórí ìlà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo fífà náà lápapọ̀ sì fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ dín kù.

Bí ẹlòmíì bá ti lo fóònù rẹ tó sì ti kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, má ṣèyọnu. Android 9 ní ibì kan tí o ti lè sọ fún un pé kó gbàgbé gbogbo rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti "a, b, d".

O lo iPhone, o sì ti wá ibi tí wọ́n ti ń pa ìmọ́lẹ̀ aládàáṣe títí? Láti iOS 11 ní 2017, Apple ti gbé e kúrò lọ́dọ̀ ìlà ìmọ́lẹ̀, inú Accessibility ni kí o lọ wá a.

Oòrùn, bátìrì àti oorun

Bébà funfun lásán ń tàn ju fóònù olówó ńlá lọ! Nit ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ojú nǹkan jáde wá: nínú oòrùn ọ̀sán gangan, bébà rẹ ń tan ju 25,000 nit lọ, fóònù tó bá dé 3,000 ti gbìyànjú gan-an.

Yí i padà lóru, kí o wo idán: lábẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú, bébà kan náà kò tó ìdámẹ́wàá nit kan. Fóònù tí o ti rẹ̀ sílẹ̀ dé 2 nit ṣì fi ju ìlọ́po ogún lọ tàn jù ú.

Aago ọwọ́ kan ń ti 1 nit lọ sí 3,000! Apple Watch Ultra 2 ti 2023 ni, kí ó má baà gún ọ lójú nínú sinimá, kí o sì lè kà á nínú oòrùn.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn fóònù kan ní ojú ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú? iPhone 14 Pro ti 2022 ní ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, torí ojú iwájú ń wo ọ̀dọ̀ rẹ, èyí tó wà lẹ́yìn ló ń wo ibi tí ojú tìrẹ kọ sí.

O wà nínú oòrùn, o nílò ìmọ́lẹ̀ jù, ìgbà yẹn gan-an ni fóònù rẹ̀ sílẹ̀! Sẹ́ńsọ̀ kọ́ ló ṣì í ṣe. Ooru ti mú fóònù náà, ó sì ń dáàbò bo ara rẹ̀. Gbé e síbòòji, kí o fún un láyè.

Lọ́dọ̀ wa, ìrọ̀lẹ́ kì í falẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ní Èkó, nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 ni ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tó ṣeé fi ríran kù. Ní London, nínú oṣù kẹfà, ó lè tó ìṣẹ́jú 45. Fóònù Èkó ló gbọ́dọ̀ yára jù!

Wọ́n ní ojú fóònù dúdú ń ṣọ́ bátìrì jẹ, àbí? Ìwádìí Purdue University ní 2021 lórí àwọn fóònù OLED, ìyẹn àwọn tí ibi tó bá dúdú lójú wọn kì í tanná, sọ òtítọ́ ibẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá kún dé òpin, o lè fi ìdá 39 sí 47 nínú 100 pa mọ́, bí ó bá wà ní ìdá 30 sí 50, èrè rẹ kò ju ìdá 3 sí 9 lọ.

Ojú fóònù OLED tó rọlẹ̀ lè máa tàn, kó máa kú, kó tún máa tàn, ìgbà 240 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan! Ọ̀pọ̀ ojú kì í mọ̀. Àwọn kan wà tí orí á máa fọ́ wọn.

Ìwé tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì, èwo ló ń jẹ́ kí oorun tètè kunni? Ní 2014, àwọn olùwádìí Boston fi èèyàn 12 dán an wò: àwọn tó ka tábúlẹ́ẹ̀tì tó tàn yòò lálẹ́ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 pẹ́ kí oorun tó gbé wọn, aago ara wọn sì sún sẹ́yìn ju wákàtí kan lọ.

Àṣírí àti àwọn baba ńlá

Wáyà abẹ́ òkun ló bí sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ fóònù rẹ! Ní 1873, Willoughby Smith ń lo ọ̀pá selenium láti fi yẹ wáyà tẹlígíráàmù wò, ó sì rí i pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa ju ti òkùnkùn lọ.

Einstein kò gba Nobel rẹ̀ ti 1921 nítorí relativity tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lé iná jáde lára irin ni wọ́n dárúkọ, ohun tí iṣẹ́ ojú kékeré yìí jẹ́ ìbátan rẹ̀ lónìí.

Ojú tí kì í ya fọ́tò? Ó dára, mo ní kí o gbọ́ èyí kẹ́yìn! Ní 2024, àwọn olùwádìí MIT fi sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì kan yọ àwòrán ọwọ́ tó wà níwájú rẹ̀, píksẹ́lì 32 níbùú, píksẹ́lì 32 lóròó. Àwòrán kan ń gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n àwòrán ni.

Ó ku ìyanu kan, ilé rẹ ló sì wà. Mú fóònù rẹ àti ti màmá rẹ, kí méjèèjì jẹ́ irú kan náà, Android tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí o gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ iná kan náà. Ọ̀kan lè tàn yòò, èkejì á rọlẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì gbà á! Kò sí ìmọ́lẹ̀ kan tó tọ́ fún gbogbo ojú, nítorí náà bí tìrẹ bá ṣì í ṣe lálẹ́ òní, má pa á, kọ́ ọ: fa ìlà náà síbi tó tu ojú rẹ lára, níbi tí o máa ń jókòó sí, kí o sì tún un ṣe lọ́la bí ó bá ṣì kù díẹ̀.